Kí Oníbàárà Ọ̀nà Jíjìn Tó Lè Fọkàn Tán Wa: Ìdí Tí Òwò Kékeré Fi Nílò Ìkànnì Tirẹ̀

 Ẹ̀yin olóyè àti ọmọ ẹgbẹ́ oníṣòwò, ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àǹfààní tó wà nínú kí oníṣòwò kékeré ní ìkànnì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà púpọ̀, àwọn tó bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí máa ń ní ayé ti di ayé kọ̀ǹpútà, bí ìgbà bá sì yí, kí a bá ìgbà yí. N kò ní gba ọ̀nà yẹn. Owó oníṣòwò kékeré kò pọ̀ tó èyí tí yóò máa ná sórí ohun tó kàn lòde lásán. Ìdí kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀, mo sì gbà pé ó tó. Oníbàárà tó wà lọ́nà jíjìn kò lè mọ ọjà gidi yàtọ̀ sí ayédèrú, àfi bí ẹni tó ni ọjà bá kó ẹ̀rí rẹ̀ síbi tí oníbàárà yóò ti bá a nígbàkígbà tó bá wá a. Ìkànnì tí oníṣòwò fúnra rẹ̀ ni, tó sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ni ibi tí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ti lè pẹ́ jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí òwò àdúgbò ṣe ń rìn. Bí ará ìlú bá fẹ́ ra adìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, kì í béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ aláró. Ó mọ ìsọ̀ rẹ̀, ó mọ agbolé rẹ̀, ó mọ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Bí aṣọ bá ṣí lẹ́yìn ìfọ̀ kejì, ó mọ ibi tí yóò gbé e padà sí. Àmọ́ ìmọ̀ yìí kì í kọjá odi ìlú, bẹ́ẹ̀ sì ni àwa oníṣòwò kékeré pọ̀ jọjọ. Ìwádìí tí àjọ SMEDAN, tó ń bójú tó òwò kéékèèké, àti àjọ NBS, tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, jọ ṣe ní 2021 fi hàn pé òwò kéékèèké àti alábọ́dé tó wà ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 39, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì kéré débi pé ẹnìkan tàbí ìdílé kan ló ń dá a ṣe. Bí gbogbo wa bá ń du àpò ará àdúgbò kan náà, àpò ọ̀hún kò lè kárí. Owó tó lè mú òwò kékeré gbòòrò wà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ wá rí: ẹni tó wà ní Kánò, ẹni tó wà ní Àbújá, ọmọ wa tó ń múra ìgbéyàwó ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston ní Amẹ́ríkà. Títà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Láyé àtijọ́, aṣọ tí wọ́n hun ní apá ọ̀dọ̀ wa ń gba orí òkun lọ sí Bahia ní Bràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní pano da costa. Ṣùgbọ́n ahunṣọ kò mọ ẹni tó rà á, ẹni tó rà á kò sì mọ ahunṣọ. Àwọn aláròóbọ̀ tó wà láàárín ló mọ tọ̀tún tòsì, ọwọ́ wọn sì ni agbára òwò náà wà.

Ìtàn àwọn aláró Ẹ̀gbá fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ hàn wá nígbà tí ìgbẹ́kẹ̀lé bá já láàárín oníṣẹ́ àti oníbàárà ọ̀nà jíjìn. Láàárín ọdún 1920 sí ọdún 1930 àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, adìrẹ Abẹ́òkúta ń rìn kárí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn oníṣòwò ń wá láti Gold Coast, tó di Gánà lónìí, àti láti Senegal, láti wá kó o. Nígbà tó yá, aró tí wọ́n pò nílé iṣẹ́ àti kọ́sítíìkì sódà wọlé. Wọ́n mú iṣẹ́ yá, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò tíì mọ iṣẹ́ délẹ̀; lọ́wọ́ ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n, sódà a máa jẹ aṣọ. Òótọ́ ni pé ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dẹnu kọlẹ̀ ní sáà yẹn, ìyẹn náà sì pa ọjà lára, ṣùgbọ́n àròyé lórí aṣọ tí kò lálòpẹ́ kò kéré. Ní 1936, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin de aró ilé iṣẹ́ àti sódà. Àwọn ìyá aláró kò gbà, wọ́n gba lọ́yà, ìjọba amúnisìn sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Ẹni tó jàre nínú ọ̀rọ̀ náà kọ́ ni mo ń wá. Ohun tó ká mi lára ni ipò tí aláró tó mọṣẹ́ wà. Aṣọ tirẹ̀ kì í já, aró tirẹ̀ kì í ṣá, síbẹ̀ kò ní ọ̀nà kankan tó lè fi sọ fún ẹni tó wà ní Dakar pé iṣẹ́ ọwọ́ òun kọ́ ni aṣọ tó já mọ́ ọn lára. Orúkọ Abẹ́òkúta ni gbogbo wọn jọ ń jẹ́ lókè òkun, nítorí náà gbogbo wọn ni wọ́n jọ jẹ gbèsè iṣẹ́ àwọn tí kò mọṣẹ́.

Onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Amẹ́ríkà kan, George Akerlof, ṣàlàyé irú wàhálà yìí nínú àpilẹ̀kọ kan tó gbé jáde ní 1970 lórí ọjà ọkọ̀ àlòkù. Àpilẹ̀kọ náà wà lára ohun tó jẹ́ kí ó pín nínú ẹ̀bùn Nobel ọdún 2001. Ó ní níbi tí ẹni tó ń tà bá ti mọ ìdí ọjà, tí ẹni tó ń rà kò sì mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń rà yóò máa fura sí gbogbo ọjà, owó tí yóò sì fẹ́ san yóò máa wálẹ̀. Owó yẹn kò ní ká ẹni tó ní ọjà gidi, yóò palẹ̀ mọ́, ayédèrú ni yóò sì kún ọjà. Ohun tí ojú oníṣẹ́ ọwọ́ wa ń rí lónìí nìyẹn. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, pàápàá ní Ṣáínà, tí wọ́n sì ya àwòrán adìrẹ sí, wà ní ọjà wa ní owó pọ́ọ́kú. Nínú fọ́tò kékeré lójú fóònù, òun àti iṣẹ́ ọwọ́ jọra. Oníbàárà tí kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ṣẹ̀ wá bó bá bèèrè ìdí tí tiwa fi wọ́n. Àwa tí a mọ ìdáhùn ló yẹ kí a sọ ọ́ síbi tí yóò ti gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú aṣọ kan ṣoṣo, kí a wo ohun tí ìkànnì lè ṣe fún un. Mo mú adìrẹ ẹlẹ́kọ tí à ń pè ní Ìbàdàndùn, èyí tí wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Màpó sí. Aláró lè ya ojúewé kan sọ́tọ̀ fún un lórí ìkànnì rẹ̀. Fọ́tò àkọ́kọ́ yóò fi ìyẹ́ adìyẹ hàn, bó ṣe ń fa ẹ̀kọ láfún sójú aṣọ funfun. Èkejì yóò fi aṣọ hàn bó ṣe ń jáde nínú ìkòkò aró, tí àwọ̀ ewé ń di búlúù bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sí i. Ẹ̀kẹta, èyí tí mo kà sí jù, yóò fi ẹ̀yìn aṣọ hàn. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń fa ẹ̀kọ sí, nítorí náà ẹ̀yìn ẹlẹ́kọ gidi máa ń mu aró kanlẹ̀, ó máa ń dúdú ju ojú rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ sábà máa ń ṣá, torí ojú nìkan ni wọ́n tẹ àwọ̀ sí. Lábẹ́ fọ́tò, aláró yóò kọ ọ́ ketekete: yáàdì mélòó ni, èló ni, ọjọ́ mélòó ni yóò gbà kó tó dé Àbújá tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Yóò kọ ọ́ pé aró lè ṣí díẹ̀ ní ìfọ̀ àkọ́kọ́, pé omi tútù ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, abẹ́ òjìji ni kí wọ́n sì sá a sí. Yóò kọ ohun tí òun yóò ṣe bí oníbàárà bá rí àbùkù lára aṣọ. Ẹni tó bá ka ojúewé yìí tán ti mọ bí a ti ń yẹ adìrẹ wò. Bó bá tún rí aṣọ ẹ̀rọ níbòmíràn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yí wò, yóò sì mọ ìdí tí owó iṣẹ́ ọwọ́ fi ju tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀rí dára, ṣùgbọ́n oníbàárà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i. Google àti àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ máa ń rán ẹ̀rọ káàkiri láti ka ojúewé tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kà níbẹ̀ ni wọ́n fi ń dá àwọn tó ń bèèrè lóhùn. Ohun tí a bá oníbàárà kan sọ lórí WhatsApp kò sí lára ohun tí wọ́n ń kà. Status tí a gbé sókè láàárọ̀ òní yóò ti parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24. Broadcast pàápàá kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà wa pamọ́, àjèjì tí à ń wá kò sì lè ní nọ́ńbà wa lọ́wọ́. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan: ní oṣù kẹfà 2013, Michelle Obama, aya Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, wọ aṣọ Maki Oh ní Johannesburg. Ilé iṣẹ́ tí Amaka Osakwe dá sílẹ̀ ní Èkó ni, iṣẹ́ adìrẹ sì wà lára ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Bí irú ojú ayé bẹ́ẹ̀ bá yí sí iṣẹ́ wa, ẹni tó fẹ́ mọ̀ sí i yóò lọ bi íntánẹ́ẹ̀tì, íntánẹ́ẹ̀tì kò sì lè sọ ju ohun tí ẹnìkan ti kọ sílẹ̀ lọ. Bí àwọn aláró Ìtòkú kò bá kọ ohunkóhun, ẹlòmíràn ni yóò ròyìn iṣẹ́ wọn, ọ̀dọ̀ ẹni tó ròyìn ni oníbàárà yóò sì kọ́kọ́ dé.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ń rò ó pé Facebook, Instagram àti WhatsApp ti tó wa: ọ̀fẹ́ ni wọ́n, ibẹ̀ sì ni èrò wà. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ ni èrò wà, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ayálégbé ni gbogbo wa níbẹ̀, onílé sì lè ti ilẹ̀kùn nígbà tó bá wù ú. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu títa ọjà lórí fóònù á rántí BBM, ètò ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ ti BlackBerry. PIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn níbẹ̀, ni wọ́n ń kọ sí ìpolówó, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé fọ́tò ọjà sí, ibẹ̀ ni gbogbo oníbàárà wọn wà. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2019, wọ́n pa BBM tí gbogbo ènìyàn ń lò, PIN kò sì wúlò fún nǹkan kan mọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 2021, àṣìṣe kan nínú àtúntò ẹ̀rọ mú kí Facebook, Instagram àti WhatsApp kú lẹ́ẹ̀kan náà fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà; ẹni tó rò pé òun ní ìsọ̀ mẹ́ta wá mọ̀ pé onílé kan ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti oṣù kẹfà 2021 títí di oṣù kìíní 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti Twitter pa, àwọn tó ń tajà níbẹ̀ kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ìjà náà. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn bá tilẹ̀ ṣí, àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ló ń pinnu iye ènìyàn tí yóò rí ohun tí a gbé síta, bí a bá sì fẹ́ kó pọ̀ sí i, wọn a ní kí a sanwó. Kí a máa pàdé oníbàárà lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kí ẹ̀rí iṣẹ́ wa, ìtàn wa àti àkọsílẹ̀ oníbàárà wa wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè lé wa jáde.

Ẹlòmíràn lè bèèrè pé: ṣé ìkànnì kì í kú ni? Ó ń kú. Ilé iṣẹ́ tó gbà á sórí ẹ̀rọ rẹ̀ lè kógbá sílé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé orúkọ ìkànnì yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tó gbà á sí. Orúkọ tó parí sí .ng tàbí .com.ng, àjọ NiRA ló ń bójú tó o, a sì lè sanwó rẹ̀ ní náírà lọ́dọ̀ àwọn aṣojú tí àjọ náà fọwọ́ sí. Bí ilé iṣẹ́ kan bá já wa kulẹ̀, a ó kó ojúewé wa lọ sọ́dọ̀ òmíràn, a ó sì darí orúkọ wa síbẹ̀. Oníbàárà tó tẹ orúkọ náà kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé a ṣípò. Níbí ni mo ti fẹ́ kìlọ̀ gidigidi. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ń fa gbogbo rẹ̀ lé ọ̀dọ́ tó bá wọn ṣe ìkànnì lọ́wọ́, òun ló ń fi orúkọ ara rẹ̀ àti ímeèlì ara rẹ̀ gba orúkọ òwò wọn. Bí ọ̀dọ́ náà bá jápa, tàbí tí ìjà bá dé, orúkọ lọ nìyẹn. Kí orúkọ ìkànnì wà ní orúkọ ẹni tó ni òwò, kí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì mọ ọjọ́ tí owó ọdọọdún rẹ̀ máa ń pé. Ẹni tí kò bá ṣe èyí tún ti padà di ayálégbé.

Àtakò tó wúwo jù lọ ni ti àwọn gbájúẹ̀. Wọ́n ní àwọn oníjìbìtì náà ń ṣe ìkànnì tó rẹwà, kí ló wá dé tí ìkànnì yóò fi jẹ́ ẹ̀rí? Mo gbà pé ẹwà ìkànnì kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tó ń di ẹ̀rí ni ohun tí oníbàárà lè lọ yẹ̀ wò níbòmíràn. Bí a bá kọ nọ́ńbà tí CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, fún wa sí ìkànnì, ẹnikẹ́ni lè wá orúkọ òwò náà nínú àkọsílẹ̀ àjọ ọ̀hún lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí a bá kọ àdírẹ́sì ìsọ̀, ẹni tó ní ìbátan l'Ábẹ́òkúta lè rán an lọ wò ó. Nígbà tí oníbàárà bá sì fẹ́ fi owó ránṣẹ́, báńkì yóò kọ́kọ́ fi orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì hàn án kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ. Bó bá rí i pé orúkọ òwò tó kà lórí ìkànnì ni báńkì ń pè, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Bó bá rí orúkọ ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí, yóò dáwọ́ dúró, ó sì yẹ kó dáwọ́ dúró. Gbájúẹ̀ lè jí fọ́tò wa lò, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún un láti mú gbogbo ẹ̀rí wọ̀nyí bára mu, kó sì fi ọdún gbọọrọ gbé wọn ró. Bí gbájúẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹni gidi ṣe nílò ọ̀nà tí a ó fi dá a mọ̀.

Ní ti owó, orúkọ .com.ng fún ọdún kan kò tó owó yáàdì márùn-ún adìrẹ gidi. Ẹ̀rọ tí yóò gba ìkànnì sí àti iṣẹ́ ẹni tí yóò ṣe é ló ń gba owó jù, nítorí náà kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojúewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí a máa fi èrè mú un gbòòrò. Ojúewé tó fúyẹ́ tilẹ̀ sàn fún oníbàárà: ní oṣù kìíní 2025, NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, gbà wọ́n láyè láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ìpè àti dátà, ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ fi dátà ṣòfò lórí fọ́tò ńlá tí kò tètè ṣí. Ní ti iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò dúró ire, òun gan-an ló gbe ìkànnì lẹ́yìn. Bí iná bá lọ ní ìsọ̀, tí fóònù wa sì kú, ìkànnì kò kú, torí ẹ̀rọ tó gbà á kò sí lọ́dọ̀ wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí apá ọ̀dọ̀ wa bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì dà rú ní Nàìjíríà. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ náà ṣì lè ka ìkànnì wa, bí ẹ̀rọ tó gbà á bá wà lókè òkun.

Àwọn kan ní oníbàárà wa fẹ́ dúnàá dúrà, wọ́n fẹ́ gbọ́ ohùn ènìyàn. Ìkànnì kò dí wọn lọ́wọ́. Nọ́ńbà WhatsApp wa lè wà lábẹ́ ojúewé kọ̀ọ̀kan. Ohun tó yípadà ni pé ẹni tó bá pè wá ti mọ iye owó, ó ti mọ ọjọ́ tí yóò gbà, ọ̀rọ̀ rírà ló bá wá. Ìbéèrè "èló ni?" tí à ń dáhùn láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí à ń dá oníbàárà lóhùn pé kí ó wá bá wa sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá, torí ẹni tí kò bá rí iye owó a máa rò pé ojú òun ni wọ́n fẹ́ wò kí wọ́n tó dá iye lé e. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ẹlòmíràn yóò jí àrà wọn. Àrà tó wà lórí àtẹ ní ọjà tàbí lórí Instagram, àwọn tó ń jí àrà ti rí i ná. Ojúewé tó ti wà láti ọdún mélòó kan ni yóò jẹ́rìí pé ọwọ́ wa ló ti kọ́kọ́ jáde. N kò sọ pé gbogbo òwò ló nílò ìkànnì. Ìyá tó ń ta àmàlà ní gáréèjì, tí èrò ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, ojú àti imú ni oníbàárà rẹ̀ fi ń yẹ ọjà wò, ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n bí ìyá yẹn kan náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ oúnjẹ àríyá láti ìlú mìíràn, ó ti wọ àárín àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ méjì kí n tó jókòó. Àkọ́kọ́ wà fún oníṣòwò kọ̀ọ̀kan: kí ó tó wá ẹni tí yóò ṣe ìkànnì, kí ó kọ ìbéèrè mẹ́wàá tí oníbàárà máa ń bi í jù lọ sílẹ̀, kí ó sì dáhùn wọn lótìítọ́, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìdáhùn wọ̀nyẹn ni ìkànnì. Ìyókù jẹ́ iṣẹ́ tí a lè sanwó fún. Èkejì wà fún ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́. Aláró, ahunṣọ Ìsẹ́yìn, amọ̀kòkò, agbẹ́gilére, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni agbára wọn kò ká a láti dá a ṣe. Ẹgbẹ́ lè ra orúkọ kan, kó fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ojúewé tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ojú iṣẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀rí pé ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n. Ní 1936, òfin ni wọ́n fẹ́ fi gba orúkọ adìrẹ là, òfin sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọba àti àwọn oníṣẹ́. Lónìí, a lè jẹ́ kí oníṣẹ́ rere kọ̀ọ̀kan fi orúkọ ara rẹ̀ dúró ti iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó wà ní ibikíbi láyé lè yàn án nítorí pé ó mọ̀ ọ́n. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, èrè iṣẹ́ ọwọ́ yóò dé ọwọ́ tó ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ wa yóò sì rí ìdí tó fi yẹ kí àwọn náà kọ́ iṣẹ́ náà.